Ìṣípò-Ẹ̀ka Láàárín Àwọn Dókítà Akọ́-Ìjìnlẹ̀

Ní 1979 ni òfin dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àgbà fún Ìmọ̀ Ìṣègùn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti máa dán àwọn dókítà tí ó fẹ́ di onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí rẹ̀ ní Yorùbá ni kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn kan a máa pe irú dókítà bẹ́ẹ̀ ní ‘dókítà olùgbé’. Ìtàn ti ìtumọ̀ yìí lẹ́yìn, nítorí pé inú ilé ìwòsàn gan-an ni wọ́n ń gbé ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n ní Abereke, ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ dé Ìgbókòdá, ohun tí ‘dókítà olùgbé’ yóò jẹ́ létí ará ìlú ni dókítà tí ó nílé láàárín wọn, tí a lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Bí rédíò bá kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa retí ẹni tí kò ní í wá. ‘Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́’ náà kò tọ́, nítorí dókítà tí ó ti gbàwé àṣẹ ni. ‘Dókítà akọ́-ìjìnlẹ̀’ sàn ju méjèèjì lọ.

‘Ìyípo’ ni àwọn mìíràn ń lò fún bí dókítà yìí ṣe ń kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn. Ayé àti àgbá ọkọ̀ ni ìyípo yẹ: ohun tí ó ń yípo a máa padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ìṣègùn ìdílé, tí ó lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà, kí ó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, iṣẹ́ abẹ àti ìgbẹ̀bí, ipò ni ó ń ṣí. ‘Ìṣípò-ẹ̀ka’ ni èyí. Ẹni tí ó sì ń ṣípò gbọ́dọ̀ di ẹrù.

Ẹrù wo? Ká ní wọ́n gbé aboyún tí gìrì mú wá láti Abereke ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí dókítà dé ẹ̀ka ìgbẹ̀bí. Diazepam ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ fún gìrì níbi tí ó ti ń bọ̀. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 1995, lórí obìnrin 1,687, ti fi hàn pé magnesium sulphate ni ó ń dá gìrì aboyún dúró jù. Oògùn yìí náà lè pani bí ó bá pọ̀ jù. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà ti gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa fi òòlù kékeré kan iṣan eékún láti wò ó bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta, kí òun máa ka èémí, kí òun máa wọn ìtọ̀. Kí ó sì mọ inú àpótí tí ẹ̀rọ̀ rẹ̀, calcium gluconate, wà. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀gá tí yóò pè. Ó sì gbọ́dọ̀ béèrè iye ìgbà tí gìrì ti mú obìnrin náà lórí omi, nítorí wákàtí inú ọkọ̀ wà lára àìsàn náà. Ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ kì í ṣe ti Ọ̀yọ́. Bí èsì kò bá yé e, kí ó tún un béèrè.

Ó ku ‘ìfiṣẹ́-léni-lọ́wọ́’, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí dókítà tí ń lọ bá èyí tí ń bọ̀ sọ. Ìwé nìkan kò tó fún un. Ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn kọ̀ọ̀kan ni ó ti yẹ kí àwọn méjèèjì jọ dúró, kí ẹni tí ń bọ̀ sì tún ohun tí ó gbọ́ sọ kí ẹni tí ń lọ tó kúrò níbẹ̀.