Bí Òṣùwọ̀n Bá Wọ́, Iṣẹ́ Á Wọ́: Ẹ̀kọ́ Lára Dígí Hubble

Ní oṣù kẹrin ọdún 1990, Amẹ́ríkà fi awò awọ̀nàjíjìn Hubble ránṣẹ́ sí òfurufú láti máa wo ìràwọ̀. Dígí ńlá inú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.4, síbẹ̀ àwòrán tó ń fi ránṣẹ́ kò mọ́ gaara. Kí ló fà á?

Iná lésà ni wọ́n fi ń yẹ irú dígí bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n á pín ìmọ́lẹ̀ kan sí méjì: ọ̀kan á lọ bá dígí tí wọ́n ń yẹ̀ wò, èkejì á lọ bá ohun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí méjèèjì bá padà pàdé, ìlà dúdú àti ìlà ìmọ́lẹ̀ á hàn. Ibi tí ìlà bá ti wọ́, ibẹ̀ ni àbùkù wà, bó ti wù kó kéré tó.

Ní ti Hubble, irinṣẹ́ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ni kò tọ́. Gíláàsì kan nínú rẹ̀ fi mìlímítà 1.3 kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n sì dán dígí náà tẹ̀lé e. Irinṣẹ́ mìíràn fi àṣìṣe náà hàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí àkọ́kọ́ ló péye jù. Oṣù kejìlá ọdún 1993 ni wọ́n tó lọ fi ohun tó dà bí awò ojú sí i lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin òbí, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ kí òṣùwọ̀n wa tọ́. Ibn al-Haytham, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kọ̀wé nípa ìmọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kì í gba ọ̀rọ̀ láìdán an wò. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa yẹ òṣùwọ̀n wò, kí wọ́n sì máa fetí sí ẹlẹ́rìí kejì.