Òǹkà Yorùbá ní Ọwọ́ Ọmọdé Ìsàlẹ̀ Èkó

Bí a bá ní kí ọmọ ọdún méje kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta fún wa, yóò kà á dé ẹẹ́wàá láìkọsẹ̀. Bí ó bá dé oókànlá, ohùn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Bí ó bá sì kọjá ẹẹ́rìnlá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yà sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí a ń rán lọ fi iṣẹ́ dánra wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ erékùṣù Èkó mọ ibi tí mo ń sọ yìí dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òǹkà ti máa ń dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọn a sì padà sí ohun tí ó rọrùn: kí olùkọ́ pè é, kí gbogbo kíláàsì sì gbè é lẹ́yìn bí orin.

Èrò tèmi ni pé ọmọ náà kì í ṣe olódo, òǹkà wa kò sì burú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ń ròyìn, ìròyìn nìkan ni a sì ń kọ́ ọmọ láìjẹ́ kí ó rí iṣẹ́ náà. Ẹ wo mẹ́tàdínlógún: mẹ́ta dín ní ogún. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ti ní ogún nílẹ̀ níwájú rẹ̀ ná, ó sì ti mú mẹ́ta kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí kò rí ogún náà, tí kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, ariwo lásán ni mẹ́tàdínlógún jẹ́ ní etí rẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí ará Èkó. Ní àárín ọ̀rúndún 19, àwọn oníṣòwò ará Hamburg ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn, èyí tí í ṣe ẹgbàá, ni orí kan. Orí mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, ṣe àpèjúwe bí a ti ń ka owó yìí nínú àkọsílẹ̀ kan tí ó jáde ní 1887. A óò da owó sílẹ̀ ní òkìtì. Ẹni tí ń kà á yóò máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún sí apá kan; márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Inú iṣẹ́ yìí ni Mann ti wá ìdí tí òǹkà Yorùbá fi ń yọ kúrò lára ohun tí ó tóbi, dípò kí ó kàn máa fi kún èyí tí ó kéré.

Nítorí náà, ẹrù tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ dì lọ sí kíláàsì kejì kò wọ́n. Ọmọrí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò pọ̀ nílẹ̀ láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ẹbúté Èrò. Kí ó ṣà wọ́n, kí ó fọ̀ wọ́n, kí ó sì yọ àwọn tí etí wọn mú kúrò. (Owó ẹyọ tòótọ́ dùn ún lò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké a máa fi í sẹ́nu.) Kí ó pín àwọn ọmọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí ó sì da òkìtì kan síwájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n má ṣe ohun mìíràn ju kí wọ́n máa fa márùn-ún márùn-ún lọ, títí òkìtì kékeré mẹ́rin yóò fi di ogún. Kí ẹfun má kan pátákó ìkọ̀wé rárá.

Ní ọjọ́ kejì, kí ó fi ẹfun fa òbírí sí ilẹ̀, kí ogún ọmọrí ìgò wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ kan mú ẹyọ kan kúrò. Bí olùkọ́ bá bi í pé mélòó ni ó kù, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Kí a jẹ́ kí ó kà á. Ó lè kà á tán kí ó má mọ orúkọ tí yóò pè é. Nígbà náà ni ìbéèrè tòótọ́ dé.

“Mélòó ni o mú kúrò?”

“Ẹyọ kan, sà.”

“Ó wá dín mélòó ní ogún?”

“Ó dín ọ̀kan, sà.”

Ọmọ náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe mọ́kàndínlógún tán, ó kù kí olùkọ́ so ó pọ̀ fún un. Báyìí ni wọn yóò ṣe máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi dé márùndínlógún, níbi tí odindi òkìtì kékeré kan ti kúrò nínú òbírí.

Láti ibẹ̀ lọ sí mẹ́rìnlá ni ọ̀nà ti yà, olùkọ́ tí ó bá sì sáré kọjá níbẹ̀ yóò pàdánù ìdajì kíláàsì. Ọmọ tí ó gbọ́n yóò béèrè ìdí tí a kò fi pè é ní mẹ́fàdínlógún. Kí a má bá a wí. Kí a ní kí ó to ohun tí ó kù nílẹ̀: òkìtì márùn-ún méjì, tí í ṣe ẹ̀wá, àti mẹ́rin lórí rẹ̀. Mẹ́rin lé ní ẹ̀wá ni. Láti orí ẹ̀wá ni a ti ń wo mẹ́rìnlá, láti orí ogún ni a sì ti ń wo márùndínlógún. Ìyípadà láti orí “lé” sí “dín” yìí tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lọ́tọ̀.

Fún àwọn ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀, ọpọ́n ayò ni mo fẹ́ràn jù. Ilé méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sì wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ 48. Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì tò ó ní ogún-ogún sínú òbírí mẹ́ta. Méjì yóò kún, mẹ́jọ péré ni yóò wà nínú ìkẹta. Bí òbírí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kún, ọgọ́ta ni. Bí ìkẹta bá kún dé ìdajì, mẹ́wàá ni ó dín, àádọ́ta nìyẹn. Báwo ni ohun tí ó wà nílẹ̀ ṣe jìnnà sí àádọ́ta tó? Méjì. Méjìdínláàádọ́ta, orúkọ tí ó gùn lẹ́nu olùkọ́, ti hàn nílẹ̀ kedere.

Kíláàsì yóò pariwo, kò sí àní-àní. Ọmọrí ìgò kì í dákẹ́ lórí símẹ́ńtì. Àwọn olùbẹ̀wò kan ṣì wà tí wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ kíláàsì díwọ̀n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n tún un rò.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni a ti bí Babatunde Aliu Fafunwa ní 1923, òun sì ni ó fi iṣẹ́ gbe irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A”, Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní yunifásítì yìí kan náà ni Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Australia, ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ láàárín àwọn ọdún 1980. Ó sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2001 nípa ọ̀kan nínú wọn tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwọ̀n. Ìlànà tí olùkọ́ wọn fi lélẹ̀ ni pé kí ọmọ fi okùn wọn nǹkan, kí ó ta kókó sí ibi tí ó dé, kí ó sì tẹ́ okùn náà sórí rúlà gígùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yí i padà. Ó fún àwọn ọmọ ní páálí kéékèèké tí gígùn wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó ní kí wọ́n wé okùn mọ́ ọn, kí wọ́n ka iye ẹ̀wá tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì wọn ìyókù. Ọkàn olùkọ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ balẹ̀, nítorí lójú rẹ̀ ìlà gbọọrọ ni gígùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà yé àwọn ọmọ. Ìdì ni wọ́n kà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka owó ẹyọ.

Kí n má tan ẹnikẹ́ni: márùndínláàádọ́ta kò rọrùn fún ọmọ kékeré, nítorí a ní láti yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́ta kí a tó yọ márùn-ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti dábàá pé kí a máa fi ẹ̀wá-ẹ̀wá kà á bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bóyá ó lè wúlò nínú ìṣirò ńlá. Ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, ohun tí wọn yóò pàdánù níbẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ìyọkúrò tí a ń kọ́ wọn lọ́tọ̀ ti wà nínú orúkọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù fún iṣẹ́ ìṣirò. Àkókò díẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún Yorùbá nìkan ni a lè fi kọ́ òǹkà yìí báyìí. Nítorí náà, bí olùbẹ̀wò bá wọlé ní àkókò náà, kí ó má ṣe ní kí ọmọ ka òǹkà dé ọgọ́rùn-ún fún òun. Kí ó da ọmọ ayò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó ní, “Fún mi ní mẹ́rìndínlógún,” kí ó sì wo ibi tí ọwọ́ ọmọ náà kọ́kọ́ lọ.