Irin Tó Ń Súfèé Lóru

Ẹni tó bá dàgbà ní Bárúwà, ní agbègbè Ìpájà, kì í ṣe àlejò ariwo. Jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń sùn, òun náà ni a fi ń jí, etí wa sì ti mọ bí a ti í gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ bá àbúrò mi obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun ní Bronx, ní ìlú New York, nínú ọ̀gìnnìtìn, mo bá ariwo mìíràn pàdé. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, radíétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ á súfèé, á tutọ́ omi, lẹ́yìn náà ni a ó máa gbọ́ gbàù-gbàù bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lu páìpù. Ọmọ á ta jí. Ìyá rẹ̀, tí kò tíì sùn tó wákàtí méjì, á bú sẹ́kún.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣí lọ sí New York tàbí Chicago lè bá irin yìí pàdé nínú àwọn ilé àtijọ́, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù.

Bọ́ílà kan wà lábẹ́ ilé tó ń se omi títí yóò fi di ooru tó ń rú. Ooru náà á gba páìpù gòkè lọ sínú radíétọ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, páìpù kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: ooru ń gba inú rẹ̀ gòkè, bó bá sì tutù tó di omi, ibẹ̀ náà ni yóò gbà ṣàn padà. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló kún inú radíétọ̀ kí ooru tó dé, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Iṣẹ́ irin kékeré tó rí bí ọta ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ radíétọ̀ nìyẹn. Air vent ni àwọn plọ́ńbà ń pè é. Èmi yóò pè é ní ihò ìmí. Bí ooru bá ti kàn án, á pa ara rẹ̀ dé. Súfèé díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Èyí tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tó ń tutọ́, ni ká wádìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí radíétọ̀ ṣe dúró. Ó yẹ kó rọra tẹ̀ sí ìhà tí páìpù ti wọlé, kí omi lè ṣàn padà. Ilẹ̀ ilé àtijọ́ a máa rì. Ti àbúrò mi ti tẹ̀ sí òdìkejì, omi sì jókòó sínú rẹ̀. Ooru tó ń sáré bọ̀ á gbá omi náà mọ́ irin, òun ni òòlù tí à ń gbọ́. Omi kan náà ló ń gba ihò ìmí tu síta. Léfẹ̀lì bíríkìlà ni a fi yẹ̀ ẹ́ wò, a sì fi pákó pẹlẹbẹ méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìhà ihò ìmí. Òòlù dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Fáàfù ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí ẹ ṣí i tán tàbí kí ẹ tì í pátápátá. Ẹni tó bá ṣí i díẹ̀ nítorí pé yàrá gbóná jù, omi ló ń há mọ́ inú rẹ̀.

Súfèé ṣì kù. Ọ̀dà àti ìpẹtà ti dí ihò ìmí náà, kò lè pa ara rẹ̀ dé mọ́. Tuntun kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u nígbà tí ooru wà nínú irin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ní Hunts Point ní Bronx kan náà, ooru láti inú radíétọ̀ tó bàjẹ́ kún yàrá tí àwọn ọmọ kékeré méjì wà, àwọn méjèèjì sì kú. Nítorí náà, a kọ́kọ́ gbé ibùsùn ọmọ jìnnà, a sì dúró de alábòójútó ilé kó pa bọ́ílà, kí irin tutù, kó tó yọ ti àtijọ́.

Bí gbogbo radíétọ̀ ilé bá ń súfèé pọ̀, bọ́ílà ló ń ti ooru jù. Kì í sábà nílò ju 2 psi lọ, èyí tó kéré jìnnà sí ti táyà mọ́tò. Iṣẹ́ onílé nìyẹn, kì í ṣe ti ayálégbé.

Kí ló dé tí ooru náà fi pọ̀ tó báyìí? Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tó fi ọkọ̀ ojú omi dé Èkó náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìgbàgbọ́ wọn ni pé kí fèrèsé wà ní ṣíṣí kódà nínú òtútù. Wọ́n sì ṣe bọ́ílà tó lè borí fèrèsé ṣíṣí.

Onílé tó bá kọ etí ikún, òfin wà fún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, inú ilé ní New York kò gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n 62 Fahrenheit lọ lóru. Lọ́sàn-án, ó gbọ́dọ̀ tó 68 bí ìta bá ti wá sílẹ̀ ju 55 lọ. Ẹ lè pe 311. Bí ẹ bá sì lọ wo fúláàtì nígbà ooru, tí radíétọ̀ kò fọhùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ ihò ìmí. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n omi, tàbí tí ọ̀dà bo ihò náà, ẹ béèrè ìgbà tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.