Ta Ló Ń Wo Káméra Ọkọ̀ Tẹ́ ẹ Wọ̀?

Ọ̀rọ̀ káméra inú ọkọ̀, ìyẹn dashcam, la fẹ́ sọ lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kábù láti Tanke lọ sí Post Office. Dashcam wà lára gíláàsì iwájú, ojú rẹ̀ kan ń wo títì, èkejì ń wo àwa èrò. Mo tan Wi-Fi fóònù mi, mo sì rí orúkọ káméra náà níbẹ̀. Mo ní, "Àáfà, ṣé ẹ ti pààrọ̀ páásíwọọ̀dù ẹ̀ rí?" Ó ní, "Páásíwọọ̀dù kẹ̀? Bí wọ́n ṣe bá mi so ó mọ́bẹ̀ náà ló wà." Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀, mo tẹ 12345678. Ó wọlé! Mo download áàpù rẹ̀, kò pẹ́ ni mo bá ń wo ara mi lórí fóònù mi.

Wi-Fi yẹn ò nílò dátà rárá. Káméra fúnra rẹ̀ ló ń tàn án, fóònù tó bá wà nítòsí ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Páásíwọọ̀dù nìkan ni ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé inú páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọ̀kan náà sì ni ọ̀pọ̀ káméra olówó pọ́ọ́kú ń lò. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú gó-síló lè máa wo ojú èrò. Lórí àwọn kan, ó lè pa fídíò tó ti wà nílẹ̀ rẹ́. Èyí ló burú jù lójú tèmi: bí ọkọ̀ bá gbá yín, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Àwọn káméra tó ní síìmù yàtọ̀. Ti wọn ń gba orí nẹ́tíwọọ̀kì lọ sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kan, kí olówó ọkọ̀ lè máa wò ó láti ilé. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, síìmù ń fò láti òpó nẹ́tíwọọ̀kì kan sí òmíràn, wẹ́wẹ́ sì ni wọ́n ń gé fídíò náà kó tó rìn. Ó yẹ kí wọ́n di ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí àrokò, kí ẹni tó bá já a gbà lọ́nà má lè túmọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ àrokò ò bo ẹni tá a fi ránṣẹ́ sí. Lóṣù Kẹrin ọdún 2023, Reuters ròyìn pé láàárín 2019 sí 2022, àwọn òṣìṣẹ́ Tesla kan ń fi fídíò láti káméra ọkọ̀ àwọn oníbàárà ránṣẹ́ síra wọn. Olè kankan ò fọ́ ibì kankan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní ọkọ̀, ẹ wọ Settings nínú áàpù, ẹ pààrọ̀ páásíwọọ̀dù Wi-Fi, kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tẹ́ ẹ ò bá nílò ẹ̀. Ẹ̀yin èrò, ẹ béèrè ẹni tó ń wò yín. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún yín láyè.

Nígbà tá a dé Post Office, Àáfà ní ká pààrọ̀ tiẹ̀ kíá. Nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ló fẹ́ lò. Mo ní, "Àáfà, ṣé kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kọ sẹ́yìn ọkọ̀ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó fẹ́ tẹ òmíràn, ó ní kí n kọjú síta.