Nígbà Tí Ọmọ Bá Ní “Kò Sí Nǹkan Kan”

ỌMỌKÙNRIN ọmọ ọdún 14 kan ti ilé ìwé dé. Kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Ó ju báàgì rẹ̀ sórí àga, ó wọ yàrá lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

“Ṣé èmi lò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ báyẹn? Jáde wá síbí!” Bàbá rẹ̀ ló pariwo láti pálọ̀.

Ọmọ náà jáde, ó dojú kọlẹ̀.

“Kí ló ṣe ẹ́?”

“Kò sí nǹkan kan, sà.”

Ìgbà tí bàbá rí èsì ìdánwò ìṣirò nínú báàgì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíkankíkan. Ó fi ọmọ náà wé àbúrò rẹ̀. Ilẹ̀ sì ṣú láìsí pé ẹnikẹ́ni tún bá a sọ̀rọ̀.

Irú èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, yálà ní Jos, Enugu tàbí Ìbàdàn. Oríkunkun làwọn òbí máa ń pè é, ó sì lè jẹ́ oríkunkun lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ náà ò mọ bó ṣe máa sọ ohun tó ń ṣe é ni.

Ìdí kan wà fún un. Apá ọpọlọ tó wà níwájú orí, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kì í gbó tán títí èèyàn fi máa tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ṣùgbọ́n apá tó ń mú kéèyàn tètè bẹ̀rù tàbí bínú ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ní tiẹ̀. Ìyẹn ò ní ká gba ọmọ láyè kó máa yájú o. Ohun tó fi hàn ni pé ó ṣì nílò ẹni tó máa bá a gbé ẹrù náà.

Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Lẹ́nu Rẹ̀

Lọ́dún 2007, Matthew Lieberman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì UCLA, ní Amẹ́ríkà, fi fọ́tò ojú àwọn tó ń bínú tàbí tó ń bẹ̀rù han àwọn kan. Nígbà tí àwọn yẹn mú ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó wà lójú ẹni inú fọ́tò mu, apá ọpọlọ tó máa ń ta èèyàn jí bí ewu bá dé rọlẹ̀. Pípe nǹkan náà lórúkọ nìkan ti ṣèrànwọ́.

Èdè Yorùbá ò sì ní ọ̀wọ́n orúkọ yìí. Inú máa ń bí ni, inú máa ń bà jẹ́, ojú máa ń tì, àyà máa ń já, ara lè má balẹ̀. Hausa ní kunya, Igbo ní ihere. Ìtìjú ni méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló jẹ́ pé “inú ń bí mi” nìkan ni wọ́n gbọ́ rí lẹ́nu ọkùnrin nílé. Bí ojú bá wá ń tì wọ́n, ìbínú ló máa ń bá a jáde.

Ibo ni wọ́n ti máa kọ́ ìyókù bí kò ṣe lọ́dọ̀ òbí? John Gottman, tóun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé àwọn ìdílé kan láti ìgbà tí ọmọ wọn wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún títí dé ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ tí òbí wọn máa ń fetí sí bí nǹkan ṣe rí lára wọn ló ń ṣe dáadáa jù níléèwé àti láàárín ẹgbẹ́ wọn. Ẹ kíyè sí i pé àwọn òbí yẹn ò torí ìyẹn sọ ilé di ọjà. Wọ́n gbà kí ọmọ bínú, wọn ò gbà kó fọ́ nǹkan. Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́: ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ká tó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ló máa ń pẹ́ dé nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ó Ń Lọ, Ó Ń Bọ̀

Láàárín ọdún 1954 sí 1955, Mary Ainsworth ń lọ sílé àwọn abiyamọ láwọn abúlé kan nítòsí Kampala, ní Uganda. Ó rí i pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ tètè ń mọ ohun tí ẹkún rẹ̀ túmọ̀ sí kì í sunkún púpọ̀. Ó máa ń rá lọ wo nǹkan káàkiri, á sì tún pa dà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 kì í rá mọ́, àmọ́ ó ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀. Ó kàn jẹ́ pé kì í fẹ́ kí wọ́n jókòó wo òun lójú bí ẹni ń jẹ́jọ́. Ìdí ewédú tí wọ́n jọ ń já, tàbí inú gosiló, lọ̀rọ̀ ti máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Òbí tó ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ náà ò tíì pàdánù ọmọ rẹ̀. Láwọn ọdún 1970, Edward Tronick ní káwọn ìyá ṣojú wọn gbári síwájú ọmọ ọwọ́ wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́, nígbà tó yá wọ́n bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìyá tún dá wọn lóhùn, díẹ̀díẹ̀ ni ara wọn ń balẹ̀ pa dà.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá yẹn pe ọmọ rẹ̀ kó wá bá òun fọ mọ́tò. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Bàbá wá sọ pé: “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ lánàá ti le jù. Kò yẹ kí n fi ẹ́ wé àbúrò ẹ. Ó jọ pé nǹkan kan ti ń dùn ẹ́ kó o tó délé.”

Táyà kan ṣoṣo lọmọ náà ń nù ṣáá. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

“Tíṣà ka máàkì mi sétí gbogbo kíláàsì, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ojú ló tì mí, sà.”

“Ìyẹn á dun ẹnikẹ́ni,” ni bàbá wí, ó sì ti korobá omi sún mọ́ ọn. Ó di alẹ́ kí wọ́n tó jọ ṣí ìwé ìṣirò náà.