Ohun Tí Ó Ya Tí Ó sì Tún Ara Rẹ̀ So

Ẹni tí ó bá gba Ṣàngó ní Ìbàdàn kọjá yóò rí fọkanáísà lẹ́bàá títì, tí ń lẹ rọ́bà mọ́ tíúbù tí ó jò. A bi yín pé: èéṣe tí kò fi yọ́ táyà àtijọ́ kí ó fi ṣe tuntun, bí a ti ń yọ́ ìda?

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní 1839, Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá fi imí-ọjọ́ se rọ́bà, yóò le, yóò sì tọ́. Imí-ọjọ́ so àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rọ́bà mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kókó náà kò ṣeé tú. Bí iná bá pọ̀, jíjó ni yóò jó.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wá kókó tí ó ṣeé tú, tí ó sì ṣeé tún ta. Otto Diels àti Kurt Alder ní Jámánì fi irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn ní 1928. A ń ta á sínú polyurethane, ohun tí a fi ń ṣe fóòmù ibùsùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bí ó bá ya, a ó mú un gbóná dé nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kókó yóò tú, okùn yóò rìn kọjá ojú ọgbẹ́. Bí ó bá rọlẹ̀ sí nǹkan bí 60, kókó yóò tún so.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ìyanu kọ́. Kókó tí ó rọrùn láti tú lè tú nígbà tí a kò fẹ́. Ọgbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò kan ara wọn kì í sì í jiná. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣeé tú rárá, ààtàn ni ó ń kún.