Bí A Ṣe Ń Fọ Jákẹ́ẹ̀tì Òjò Àwọn Oníkẹ̀kẹ́

Nígbà tí wọ́n ní kí olúkúlùkù wa kọ nǹkan nípa ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn kan mú ọbẹ̀ sísè, àwọn kan mú irun dídì. Èmi mú aṣọ fífọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ba aṣọ náà jẹ́, èmi náà ni mo tún un ṣe.

Gbogbo wa la mọ òtútù Jos. Ìlú yìí fi bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ, òjò oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ níbí kì í sì í ṣe òjò ọmọdé. Bọ̀dá mi ń kàwé ní yunifásítì, Bukuru ni wọ́n ń gbé, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń gùn wá sí kíláàsì. Wọ́n ra jákẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà òkìríkà, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní gwanjo. Jákẹ́ẹ̀tì náà fúyẹ́ bí ọ̀rá. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju iwájú lọ, kí ẹrọ̀fọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń ta má bàa dé ara ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Òjò kì í wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ kì í mú ooru bíi rénkóòtù ọlọ́rá.

Lóṣù Kẹfà, ikọ́ ń dà mí láàmú, bọ̀dá mi bá yá mi ní jákẹ́ẹ̀tì yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ dá a padà ní mímọ́. Ní Sátidé, mo jù ú sínú báàkẹ́ẹ̀tì, mo da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ẹ̀kún ọwọ́ méjì sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi omi ṣàn án, torí àwọn èèyàn ti tò sídìí ẹ̀rọ omi. Mo tọrọ oje olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo dà á sí i. Tááṣì tí mo fi ṣe yunifọ́ọ̀mù funfun mi ṣẹ́ kù, mo fi ìyẹn náà sí i. Mo wá sá a sóòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí bọ̀dá mi wá bẹ̀ mí wò, jákẹ́ẹ̀tì ń ta sánsán. Wọ́n tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Síńgílẹ́ẹ̀tì wọn tutù rinrin. Gbígbọ̀n ni wọ́n ń gbọ̀n tí wọ́n fi kọ ìdánwò náà, ibà sì dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tún wá bẹ̀ mí wò, ìyá tó ta jákẹ́ẹ̀tì fún wọn ni wọ́n ń bú. "Ó rẹ́ mi jẹ! Mo máa lọ bá a lónìí yìí." Ilẹ̀ ni mo ń wò. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì kí n tó sáré tẹ̀ lé wọn.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá ìyá yẹn. Èmi ni."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

Mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé orí tááṣì, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá pòṣé. Wọ́n fa jákẹ́ẹ̀tì náà yọ nínú báàgì, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ tún un ṣe.

Àbúrò bàbá wa wà ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn náà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò, àwọn ni wọ́n ṣàlàyé fún wa lórí fóònù. Tíṣà wa fún Basic Science sì là á yé mi sí i.

Jákẹ́ẹ̀tì yìí dà bí aṣọ mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Náílọ́ọ̀nù ló wà níta. Wọ́n ti fi kẹ́míkà kan pa á lójú, òun ló ń jẹ́ kí omi ṣù rọ́bọ́tọ́rọ́bọ́tọ́ kó sì yí dànù, bó ṣe máa ń yí lórí ewé kókò. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Gore-Tex ló lókìkí jù nínú irú awọ bẹ́ẹ̀. Robert Gore, ará Amẹ́ríkà, ló rí i lọ́dún 1969 pé tí èèyàn bá fa ike kan tó ń jẹ́ PTFE lójijì nígbà tó bá gbóná, ó máa nà gan-an, á sì kún fún ihò wínníwínní. (Tẹ́ẹ̀pù funfun tí àwọn púlọ́ḿbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù, PTFE ni òun náà. Ẹnu yà mí.) Ilé-iṣẹ́ wọn sọ pé ihò kọ̀ọ̀kan fi ìlọ́po 20,000 kéré ju ẹ̀kán omi lọ. Òjò ò lè wọlé, àmọ́ òógùn tó ti di ooru lè jáde. Aṣọ kẹta, tó wà nínú lọ́hùn-ún, ń dáàbò bo awọ náà.

Mo ti rò pé mo ti lu awọ yẹn ni. Rárá o, ojú ìta ni mo bà jẹ́. Iṣẹ́ ọṣẹ ni kó jẹ́ kí omi wọ inú aṣọ. Tí ọṣẹ bá ṣẹ́ kù lára jákẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣíwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tááṣì àti oje olóòórùn, wọ́n bo ojú náílọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Náílọ́ọ̀nù wá ń mu omi, ó wúwo, ó tutù. Tí ìta bá sì ti mu omi yó, òógùn ò rọ́nà jáde mọ́. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gun òkè á tutù látinú ara rẹ̀, á rò pé jákẹ́ẹ̀tì ló ń jò. Ìyá ọlọ́jà ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn kan wà tí kì í fọ tiwọn rárá torí ẹ̀rù. Ìyẹn náà ò dáa, torí epo ara, iyọ̀ òógùn àti ẹrẹ̀ máa ń ṣe irú ohun tí ọṣẹ tó ṣẹ́ kù ń ṣe.

Bí mo ṣe tún un fọ̀ rèé. Mo kọ́kọ́ fọ báàkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, torí ọṣẹ àná wà lára rẹ̀. Mo ka lébẹ́ẹ̀lì inú ọrùn: àwòrán agbada omi pẹ̀lú 40 túmọ̀ sí pé kí omi má gbóná ju 40°C lọ, igun mẹ́ta tí wọ́n fàlà sí lórí ń sọ pé kò gbọdọ̀ rí bílíìṣì. Mo fa síìpù rẹ̀ dé òkè. Ọṣẹ olómi díẹ̀ ni mo lò, èyí tí kò ní oje amáṣọrọ̀ nínú. Ọṣẹ kan wà tí wọ́n ṣe fún un gan-an, bíi Nikwax, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù wa. Mo fi kàn-ìnkàn-ìn rírọ̀ fọ ọrùn, ọwọ́ àti ẹ̀yìn tí ẹrẹ̀ ń ta sí. Mi ò lo búrọ́ọ̀ṣì, mi ò sì fún un, torí tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rírán rẹ̀ nínú lè ṣí.

Omi ṣíṣàn ló gba sùúrù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pààrọ̀ omi kí ìfófòó tó tán. Ẹ̀gbọ́n kan tó wà lẹ́yìn mi béèrè pé ṣé òkú ni mo ń wẹ̀ ni. Mo fi kọ́ sí bàráńdà níbi tí oòrùn ò dé.

Nígbà tó gbẹ, omi ò tíì yí lára rẹ̀ dáadáa. Ó ku iná. Kẹ́míkà ojú náílọ́ọ̀nù máa ń dùbúlẹ̀ tí wọ́n bá ń lò ó tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́, ooru díẹ̀ ló ń jí i dìde. Mo yá áyọ́ọ̀nù métírọ̀nù wa, mo yí i sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù, láìsí omi nínú rẹ̀, mo tẹ́ táwẹ̀lì lé jákẹ́ẹ̀tì kí n tó máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá pọ̀ jù, náílọ́ọ̀nù á yọ́ o. Mo wá fi ṣíbí da omi sí i. Omi ṣù, ó yí dànù! Mo pariwo débi pé métírọ̀nù sáré wọlé.

Èjìká òsì nìkan ló ṣì ń mu omi, níbi tí okùn báàgì ti ha kẹ́míkà náà kúrò. Iná ò lè jí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n fín tuntun sí i. Àbúrò bàbá wa máa fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń pa kẹ́míkà àtijọ́ tì torí kì í jẹrà nínú ilẹ̀ tàbí omi. Àwọn tuntun dáa fún ayé, ṣùgbọ́n wọn kì í lè lé epo bíi ti àtijọ́, nítorí náà jákẹ́ẹ̀tì tuntun ń fẹ́ kí wọ́n máa fọ òun léraléra.

Nígbà tí bọ̀dá mi padà wá, wọ́n da omi ìgò wọn sí i lára níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n wò ó bó ṣe ń yí lọ. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn jáde nínú òjò winniwinni. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn lọ, èmi ni alágbàfọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n kí n jìnnà sí tááṣì.